Ẹsẹ Tí Bàbá Máa Ń Fò

Bàbá mi,

Ẹ kú àbójútó ìjọ. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa. Ikọ́ tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Lánàá, olùkọ́ Bíbélì wa níbí ka lẹ́tà tí wòlíì Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Inú rẹ̀ lẹ ti máa ń ṣàdúrà fún mi lórí fóònù, pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí mi, pé mo máa padà wálé láìpẹ́. Olùkọ́ ní Kristẹni lè rí Jésù nínú ìlérí yẹn, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ wo ohun tó sọ fún àwọn tó gba lẹ́tà. Ó ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dá ọgbà, torí àádọ́rin ọdún ni wọ́n máa lò níbẹ̀.

Bàbá, ẹ kò ka ibẹ̀ fún wa rí. Tótó, ó ṣe bí òwe: ṣé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán yín, tí ẹ fi tọmọ jẹ́ ẹ? Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò mi kó sí yàrá mi, kó má baà ṣófo. Tòmátì tí mo gbìn sẹ́yìn ilé níbí ti ń so.

Ọmọ yín.