Ikọ́ Màmá Àgbà tí Mo Gbé Lọ sí Kẹ́mísítì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Màmá àgbà, ìyá tó bí dádì mi, tún rán mi lọ ra kápúsù apakòkòrò wọn lónìí. Bí ikọ́ bá ti mú wọn, wọ́n á gbé méjì mì. Bó bá rọlẹ̀, wọ́n á kó ìyókù sínú agolo.

Àǹtí tó ni kẹ́mísítì ní Fọ́ọ̀tì Àfẹ́níù bi mí pé irú ikọ́ wo ni. Mo kúkú húkọ́ bíi tiwọn gẹ́lẹ́. Gbogbo àwọn oníbàárà sá sẹ́yìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Àǹtí nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

“Tún un hú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò jáde, àbí?”

Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ihò tí èémí ń gbà ní irun kéékèèké tí wọ́n fi ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè. Àwọn oògùn apakòkòrò kan lè yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́nu, pàápàá béèyàn bá ń gbé e mì láìnídìí. Kò tà á fún mi. Ó ní kí dókítà yẹ àyà wọn wò.

Mo délé, mo fi ohùn Àǹtí jíṣẹ́. Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ò sì tán. Wọ́n di apá mi mú gírígírí.

“Ìwọ ọ̀bọ yìí, wàá pa mí.” Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé kápúsù yẹn ò ran ikọ́ yìí. Ọsibítù ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ ara wọn ni bàbá àgbà ẹ fi rìn wọbẹ̀, wọn ò sì padà wálé mọ́.”

Mi ò lè sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Mo ní a jọ máa lọ láàárọ̀, mi ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wọ́n wá ní kí n bá àwọn wá bàtà àwọn jáde.