Agbọ̀n Kajú Tí Ìyá Ọkọ Mi Rù

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Mo jókòó, mo tún dìde. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Lóko abúlé wa, Lougba, lónìí, mo bẹ àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣa kajú pé kí kálukú fún mi ní abọ́ kan. A ó tà á, a ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmọdé.

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ìwọ tí o kò tíì bímọ, ọmọ ta ló ń ṣàìsàn?"

Ọkọ mi mọ̀ nípa àìsàn tó ṣe mí rí, ṣùgbọ́n a kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Mo bá ká bùbá mi sókè, mo fi àpá ẹ̀gbẹ́ mi hàn wọ́n. "Èmi ni, Ìyá. Ọmọdé ni mí nígbà tí dókítà yọ kíndìnrín mi kan nítorí jẹjẹrẹ. Ara mi ti dá."

Ìyá bu kajú kún agbọ̀n. Àwọn yòókù da tiwọn sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e.

Ìyá ní, "Fi sílẹ̀. Èmi ni n ó rù ú."

Gbogbo abúlé ló rí wa: ìyá ọkọ lábẹ́ ẹrù, ìyàwó tuntun lọ́wọ́ òfo.

Ṣé àánú ni, àbí Ìyá ti rò pé n kò ní lè... Dókítà ní mo lè bímọ. Kí ló dé tí n kò sọ ìyẹn?

Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ti ń hanrun.

Àárọ̀ ọ̀la la ó gbé agbọ̀n náà lọ sí ọjà Bantè. N ó ti rù ú kí Ìyá tó jí.