Màmá, Mi Ò Ka Ìwé Náà Tán

Màmá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́,

Mo ti rú òfin yín. Mo ṣí ìwé kan, mo kà á dé àárín, mo pa á dé, mi ò sì ní ṣí i mọ́ láyé. Bí ẹ bá wà láàyè, mo mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ ó wò mí láti òkè awò ojú yín, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó sì gbé igbá ẹ̀gúsí síwájú mi, nítorí ìyà ẹni tó bá pa ìwé tì nílé wa ní Erijiyan nìyẹn: kó jókòó kó máa bó ẹ̀gúsí títí ìka yóò fi máa ta á. Ó dáa. Ẹ gbé àpò kan wá, ẹ gbé méjì wá. Màá bó gbogbo rẹ̀. Ìwé yẹn ni mi ò ní kà.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé ohun tí ìwé jẹ́ fún yín o. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lẹ fẹ́ràn jù, ẹ̀yin tíṣà kíláàsì kìíní tí kò lè wo adìyẹ tí wọ́n ń pa. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì lẹ fi ń bò wọ́n, kí pásítọ̀ má baà rí àwòrán ìbọn tó wà lára èèpo wọn. Nígbà tí a bá ń fọ́ kókó, ẹ ó gbé àpótí jókòó sáàárín wa, ẹ ó sì máa fi Èkìtì sọ ìtàn àwọn òyìnbó náà fún wa, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti rí òkú. Bó bá wá ku díẹ̀ kí a mọ ẹni tó pa á, ẹ ó dìde fùú. "Uṣu mi á jóná o!" Irọ́ ni, kò sí iṣu lórí iná. Òkìtì kókó tó kù nílẹ̀ lẹ ń wò. A ó sì fọ́ kókó náà bí ẹni tí wọ́n ń lé, kí ẹ lè padà wá parí ìtàn. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ìtàn sọ tó yín.

Mo ṣì wà ní Ìjerò, mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Àkúrẹ́ ṣì ni olú-ìlú wa, àwọn àgbà ṣì ń sọ lójoojúmọ́ pé wọ́n máa yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, a ṣì ń retí. Àbúrò yín, Bọ̀dá Jídé, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ hẹdimásítà, ó ti padà wálé, kò sì lè ṣe kó má ní kíláàsì tí yóò máa darí, ló bá kó àwa tíṣà àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì jọ, ó ní kí a dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, bí a bá ti gbálẹ̀ ìmọ́tótó tán, a ó pàdé ní pálọ̀ rẹ̀. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni gbogbo wọn ń béèrè, àrùn yín ń ran ìdílé. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá mú ìwé wá ni yóò sọ ọ́ lórí ìdúró, yóò máa sín ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ, ohùn rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀, títí yóò fi dé àárín ìtàn. Gbogbo ilé yóò wá sọ ẹni tí wọ́n rò pé ó pànìyàn. Ẹ̀rín ibẹ̀ máa ń pọ̀. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n ṣe, ilé yín ni mo ti kọ́ ọ.

Délé ló ra ìwé tí mò ń sọ. Ẹ mọ Délé, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Arámọ̀kọ, ẹni tí mo sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ mi ni. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ tán. Màmá, ọkùnrin ni mo fẹ́ràn, òun sì ni ọkùnrin náà. Ó ti di ọdún mẹ́jọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, mo sì ń wò ó. Òrùlé ò wó. Kí ló dé tí mi ò lè sọ ọ́ nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́? Mi ò bẹ̀rù pé ẹ máa lé mi. Ojú yín ni mò ń bẹ̀rù, pé kó má lọ yí padà nígbà tí ẹ bá tún wò mí. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Àkúrẹ́ ló ti rí ìwé náà, níbi tí wọ́n ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin tó fẹ́ràn. Délé fi aṣọ wé e wá fún mi bí ọmọ tuntun. Ẹ ò bá rí àwa méjì, àgbàlagbà, tí à ń rẹ́rìn-ín sí èèpo ìwé. A ti ń kàwé láti kékeré, a kò rí ara wa nínú ọ̀kan rí. Inú mi dùn débi pé mo ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n kì í ṣe. Kí n tó ka ojú ewé kan ṣoṣo, mo ti dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo ti ní èmi ni màá mú ìwé wá lóṣù tó ń bọ̀. Bọ̀dá Jídé sì ti kọ orúkọ mi àti orúkọ ìwé náà sínú ìwé ẹgbẹ́.

Mo wá jókòó kà á. Ní ojú ewé kẹwàá, mo ní ó máa tó dára. Ní ojú ewé ogójì, mo ní bóyá òǹkọ̀wé ń tàn wá ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà kò lè rí ẹ̀jẹ̀ kó má ké bí ẹni tí eku gun lẹ́sẹ̀. Lọ́fínńdà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ yàrá kí òun tó wọlé. Gbogbo ọkùnrin irú wa tó bá yọjú, bí kò bá jẹ́ olè, òpùrọ́ ni. Bí kò bá jẹ́ òpùrọ́, òkú ni. Kò sí ọ̀kan tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ gidi, tàbí tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà nítorí ẹni tí kò bo omi. Ìyá ọ̀kan nínú wọn kú nítorí ìtìjú. Ènìyàn dúdú kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo rẹ̀, kúùkù ni, kò ní orúkọ, ojú ló kàn ń yí kiri, tó ń gbọ̀n nítorí ìbẹ̀rù oògùn. Kí ẹnì kan bú mi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kan ṣoṣo, òun náà ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀ mi ò tíì pa á dé. Òfin yín ń dì mí lẹ́wù mú. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ ni dígí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo dúró síwájú dígí mi láti kọ́ bí màá ṣe sín ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà jẹ ní ìpàdé. Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ jọwọrọ, mo sún ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ohùn tín-ín-rín sọ ohun tí ìwé ní kó sọ, pé ìfẹ́ irú àwọn ọkùnrin yìí, ọ̀bẹ ló máa ń parí sí. Mo gbọ́ ohùn mi. Mo rí ojú mi. Mo ní, ṣé ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe lójú ènìyàn nìyí, kí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín láìmọ̀ pé èmi ni? Ojú ewé méjìléláàádọ́fà ni mo dé. Mo pa á dé níbẹ̀.

Délé ò gbà. Ó ní ó yẹ kí n kà á tán, pé bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo ní èyí kì í ṣe òòbẹ̀, àwa gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ṣẹbọ. Ó bínú, ó gba ìwé náà, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Nígbà tó padà wọlé, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ̀fọ́. Èmi ni mo bi í léèrè. Ẹnìkejì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, òun ló pa gbogbo wọn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mo lè sọ pé inú ń run mí. Délé fúnra rẹ̀ ní kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ mi. Mo lọ. Mo dìde ní pálọ̀ Bọ̀dá Jídé, mo ní mi ò ka ìwé náà tán, mi ò sì ní sọ ọ́. Wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí n tó parí, tíṣà kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ ti dìde, ó ń mi ìdí kiri, ó ń ju ọwọ́, gbogbo pálọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ẹ̀rín fi tán. Mo wá ní irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú yìí, wọn kì í rìn bẹ́ẹ̀, wọn kò pa ẹnikẹ́ni, àwọn kan lára wọn ti fún ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí ní abẹ́rẹ́ rí. Mo ní ọ̀kan ń jẹun nínú ilé mi.

Bọ̀dá Jídé gbé ojú sókè. "Ulé rẹ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ilé mi."

Màmá, mo dúró lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó bá mi rìn dé títì nígbà tí ìpàdé parí.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá wá sílé mi. Mo gbé omi fún un, kò mu. Ó ní òun ò fẹ́ mọ̀ ju ohun tí òun ti mọ̀ lọ. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìrántí ọdún karùn-ún yín, ọjọ́ tí a ó fi òkúta sí ibojì yín nínú ọgbà ilé wa ní Erijiyan, gbogbo ẹbí yóò sì pé. Ó ní kí n má mú nọ́ọ̀sì yẹn wá, kí n má dójú ti òkú. Mo ní Bọ̀dá, nígbà tí ọwọ́ òsì Màmá kò ṣiṣẹ́ mọ́, ta ló gé èékánná wọn? Ta ló ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà bó? Mo ní kó má bínú, òkú tó ń sọ, ìyá mi ni, èmi ni màá sọ ẹni tó lè wá kí wọn. Mi ò fọhùn sí i bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ṣé ẹ mọ̀, Màmá? Nígbà tí ẹ̀yin àti Délé bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá àìsàn yín, tí mo bá wọlé, tí ẹ bá dákẹ́, kí lẹ ń sọ? Ṣé ẹ bi í? Ó ní òun ò ní sọ fún mi láé. Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n máa bá irọ́ mi lọ? Bí ẹ ò bá sì mọ̀, ẹ ti mọ̀ báyìí. Ẹ ṣe mí bó bá ti tọ́ lójú yín.

A ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti lọ aṣọ àwa méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kó kúrò níbẹ̀, àwa méjèèjì la jọ máa kúrò. A ó lọ dúró sídìí igi ọsàn níta, lójú gbogbo wọn, títí wọn yóò fi gbàdúrà tán, jẹun tán, wọkọ̀ tán. Lẹ́yìn náà la ó wọlé wá bá yín. Mi ò ní torí rẹ̀ fi yín sílẹ̀, Màmá, mi ò sì ní torí yín fi í sílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín gan-an, tí kò sì fara pamọ́ fún yín mọ́.