Wọ́n Ní Kí N Wá Fi Hàn Pé Mo Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Lẹ́tà dé láti Ìlú Ọba. Ilé ìwòsàn wọn fẹ́ gbà mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní New Amsterdam níbí, ìwé mi pé. Nǹkan kan ló kù: kí n ṣe ìdánwò, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi Ovetta Semple! Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìlú wa ń sọ, òun ni ìyá mi fi bú mi dàgbà. Ẹ kú làákàyè o.

Ọkọ mi — Ọ̀gá Rédíò, nítorí rédíò kì í kúrò létí ẹ̀ tó bá ti ti oko ìrèké dé — rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Èdè wo wá lo fi ń bá mi jà látọjọ́ yìí?"

Ọjọ́rú, 6
Mo ra ìwé ìdánwò. Ọ̀nà mẹ́rin ni: gbígbọ́, kíkà, kíkọ, sísọ.

Gbígbọ́: ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ á sọ ọ́. Ó jọ pé aláìsàn Ìlú Ọba kì í tún ọ̀rọ̀ sọ.

Kíkọ: àwòrán onílà tó ń fi iye agboòrùn tí wọ́n tà lọ́dún kan hàn. Kí n fi àádọ́jọ ọ̀rọ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Àádọ́jọ! Tẹ́nì kan bá ń kú lọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pe dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Ọ̀gá Rédíò ò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí mo bá ṣí ìwé, á yí ìròyìn eré kíríkẹ́ẹ̀tì orí rédíò ẹ̀ sókè. Mo ní kó rọra. Ó ní, "O ò tíì lọ, o ti ń fi ilé yìí ṣe tìẹ nìkan. Lọ kàwé ẹ lọ́sibítù!"

Mo ti ilẹ̀kùn gbàgà! A ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Georgetown, olú-ìlú wa, fún ìdánwò. Wọ́n gba aago mi, wọ́n gba áńkáṣíìfù mi, wọ́n ya fọ́tò mi. Àfi bíi pé olè ni mí.

Sísọ ló kẹ́yìn. Obìnrin kan, ẹ̀rín ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó ní kí n sọ nípa ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú méjì.

Mo la ẹnu — Ọ̀gá Rédíò ló jáde. Bó ṣe fi oṣù márùn-ún wẹ ìyá mi lórí ibùsùn àìsàn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe ń di irun fún un, tó ń dì í wọ́. Obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè: àkókò ti tó. Mi ò tíì parí.

Ọkùnrin tí mi ò bá sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin!

Ọjọ́ Àìkú, 17
Mi ò sọ fún un. Orí ẹ̀ á wú.

Ọjọ́ Ẹtì, 29
Mo yege. Sísọ ló ga jù, gbígbọ́ ló kéré jù. Ọ̀gá Rédíò ti máa ń sọ ọ́ pé mi kì í gbọ́ tẹnì kankan.

Mo gbé ìwé èsì náà síwájú ẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó jáde lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́. Mo ti gbé róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, kalẹ̀ kó tó wọlé.

Ó ní, "Ovetta, ọkọ tó bá tẹ̀lé ìyàwó ẹ̀ lọ — ṣé wọ́n máa ń ṣe ìdánwò fóun náà?"

Èébú ti wà lẹ́nu mi. Mo wojú ẹ̀, mo gbé e mì. Mo ní kó jókòó, kó sọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ti wá, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò sísọ.

"Clairmonte Semple," ó wí. Ó nawọ́ pa rédíò ẹ̀.

Mo dúró dè é, kí n gbọ́ ìyókù.