Ewé Tòmátì Tí Ìyá Rẹ Ní Ó Mọ́

Munojat ọmọ mi,

Mo kọ́kọ́ kí bàbá àgbà onílé yín ní Mọ́sìkò, ẹni tó mọ àlejò tọ́jú. Mo kí ọkọ rẹ Eshmurod, akíkanjú ọkùnrin. Mo wá kí ìwọ tí àárò rẹ ń sọ mí. Ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, àgùntàn wa sì bí ìbejì.

Eṣinṣin kékeré alámì yẹ́lò tí o kọ́ wa nípa rẹ̀ ti tún wọ ilé ọ̀rá tí a gbin tòmátì sí. Ó ti yé ẹyin sábẹ́ awọ ewé. Ìdin rẹ̀ ń fi ìkọ́ dúdú ẹnu rẹ̀ jẹ ọ̀nà funfun lọ nínú ewé, bí ó sì ṣe ń sanra ni ọ̀nà náà ń fẹ̀. Láìpẹ́ yóò já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, yóò rí bíi hóró ìrẹsì, kí ó tó hu ìyẹ́. Nǹkan bí ogún ọjọ́ péré ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti rí ọ kẹ́yìn.

Ìyá rẹ ló ń ṣa ewé tó ti bàjẹ́ fún sísun. Lánàá, ó gbé ọ̀kan tí ọ̀nà funfun kún bámúbámú sókè.

“Eléyìí mọ́ tónítóní, Bàbá Munojat.”

“Ṣé ò ń bá mi ṣeré ni?”

“Eré kẹ̀? Ojú yín ló ti darúgbó!”

Mo fi ìka rẹ̀ tọ ọ̀nà náà lórí ewé. Ó ju ewé náà sínú apẹ̀rẹ̀.

“Ẹ má kọ ọ́ sí Munojat o. Á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá sílé.”

Mo ti kọ ọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Mo wá ń kéde fún yín pé lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn Navruz, ọdún tuntun wa, ni dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú ìyá rẹ ní ìlú Margilon. Ó ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú aṣọ tí wọ́n bá fi di ojú òun, àfi ìwọ.

Èmi bàbá rẹ, Hoshim