Tẹ́lọ̀ Tí Kò Lè De Bọ́tìnnì

Ìyá Dámilárá, arẹwà mi tó ń hanrun,

Ara mi le níbí ní Ìbà. Ọmọ rẹ kàn ń bá mi kọ ìwé yìí kí n lè sinmi ni. Dókítà ní làkúrègbé yìí kò ní lọ mọ́, ló bá júwe ẹgbẹ́ àwọn tí àìsàn náà ń ṣe l'Ọ́jọ̀ọ́ fún mi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ní tẹ́lọ̀ ni mí. Màmá Ẹ̀bùn, ọ̀kan nínú wọn, wo àyà mi tó wà níta: “Tẹ́lọ̀ tí kò lè de bọ́tìnnì! Ọwọ́ yín kò tó pẹpẹ, kò sì wọ kèrègbè.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín.

Mo ní, “Ẹ̀yin ẹlẹ́nu, ẹ wá bá mi dè é.”

Ìka tiwọn náà ti ká kò. Àyà gbalasa ni mo gbé délé.

Bá mi kí gbogbo ilé. Má wulẹ̀ fi epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́.