Esmeraldas Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá
Ọ̀fìnkìn. Mi ò lọ school.

Túsìdeè, 7
Ọjọ́ kan péré tí mi ò lọ! Tíṣà jọ́gíráfì pín kíláàsì ní méjì-méjì, Halimah — Hálì mi, ọ̀rẹ́ mi láti primary — sì mú Juliana. Ọmọ tuntun yẹn. Láti Ecuador ló ti wá, ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Esmeraldas, létí òkun Pàsífíìkì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ ṣe project lé lórí. Mo ti sọ ọ́ ní Màdáàmù Òkun. Èmi ò ní ẹnìkankan. Tíṣà ní òun á wá ibì kan fi mí sí. Bí ẹrù.

Wẹ́sìdeè, 8
Hálì ní, "Tóun, dúró, mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ." Mo pòṣé. Mo ti blọ́kì ẹ̀ lórí fóònù.

Sátidé, 11
Màmí ti bà mí jẹ́ pátápátá. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló bá pàdé àwọn méjèèjì níbi ìtajà Pendleton, ní ìlú òyìnbó tí a wà yìí. Hálì kúnlẹ̀. Màdáàmù Òkun kàn dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmí fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí: "Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ó rò pé ọmọ Yorùbá ni, torí ó jọ Àǹtí Fọláyọ̀, àbúrò ẹ̀ — imú, iwájú orí, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Hálì tètè ṣàlàyé. Ojú ti Màmí, ló bá kó wọn wálé wá jẹ ìrẹsì.

Orí tábìlì WA ni wọ́n ti ya máàpù ńlá wọn. Màdáàmù Òkun ń ròyìn ìlú wọn: igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, gbòǹgbò ẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Àwọn ẹ̀yà Chachi tó ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ rin odò. Àwọn Awá nínú igbó. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn dúdú bíi tiwa, wọ́n kún etíkun — wọ́n ní ọkọ̀ ẹrú kan ló fọ́, àwọn kan sì wẹ̀ gúnlẹ̀. Màmí bu ìrẹsì kún tiẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Ọmọ mi."

Ọmọ mi!

Nígbà tó ń lọ, Màdáàmù Òkun kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Màmí ní, "O káre!" Láti ọmọ ọdún méjì ni mo ti ń kúnlẹ̀. Ta ló kí mi kú iṣẹ́?

Òjò ń rọ̀, wọ́n ká máàpù, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Sọ́ńdè, 12
Mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tiẹ̀ tú u wò.

Mọ́ńdè, 13
Wọ́n wá gbà á. Ọ̀la ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Màmí tú ilé kiri, ó wá gbà pé òun ló dà á nù mọ́ bébà àtijọ́. "Oorun ló ń pa mí, ẹ má bínú." Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Màmí mi! Juliana sáré kúnlẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú — "Rárá, Mummy, rárá."

Mo dúró síbi fíríìjì. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i.

Túsìdeè, 14. Aago méje àárọ̀
Mo tú u. Òkun. Àwọn odò. Igi bébà aláwọ̀ ewé, gbogbo ẹ̀ ti rún. Nísàlẹ̀, orúkọ mẹ́ta: Halimah, Juliana, Adétóun.

Lábẹ́ tèmi, àyè ńlá, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Hálì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Àwọn èèyàn ibẹ̀ — Tóun ló máa sọ èyí, ẹnu ẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Tíṣà ti gbà."

Màmí wà ní kíṣìnì, ó tún ń fi fóònù bẹ Hálì. Máàpù wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá mi ní, kíṣìnì ló sì ṣí sí.